Àwọn Tí Ó Yẹ Kí Ó Máa Gba Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Nímọ̀ràn

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní Àrándùn)

 Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ẹ ó sì ti máa retí pé ìwé kíkà ni n ó yìn. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni mo mú wá, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí a bá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tán, ta ni ó yẹ kí ó máa sọ fún àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ohun tí wọn yóò kọ́ ọmọ?

Ìbéèrè yìí kò yọ àwọn baba wa lẹ́nu. Ẹni tí ó fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé àgbẹ̀ ni yóò ra ọkọ́ tí ọmọ náà bá rọ; bí ọkọ́ náà kò bá sì dára, àgbẹ̀ yóò gbé e padà wá kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé. Ọjà ni ó ń kọ́ ọ̀gá, ọ̀gá ni ó ń kọ́ ọmọ. Títí di òní olónìí, bí ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ tàbí ti atọ́kọ̀ṣe bá fẹ́ gba òmìnira, ọ̀gá rẹ̀ kì í dá a ṣe. A ó pe àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà kí wọ́n wá jẹ́rìí, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì gbàdúrà lé e lórí. Mo mọ̀ pé inú ẹlòmíràn kì í dùn sí owó tí ayẹyẹ náà ń gbà, èmi náà sì rí i pé ọtí ibẹ̀ ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ọtí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a wo ìdí ọ̀rọ̀: àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ni ó ń sọ pé ọmọ mọ iṣẹ́. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, ròyìn wọn fún ayé ní 1933, tí a sì tìtorí wọn dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945, ẹni tí ó bá wo bí a ti gbẹ́ irun orí wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó dá kọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ wọ inú ilé-ẹ̀kọ́, okùn náà já. Olùkọ́ ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ìjọ. Bí ọmọ mọ iṣẹ́, bí kò mọ̀ ọ́n, owó oṣù kò yí padà. Àwọn kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rí ewu yìí. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1850 sí 1860 wà láìní oníbàárà. Ó tọ Thomas Clegg lọ, oníṣòwò òwú ní Manchester, ẹni tí ó mọ irú òwú tí ẹ̀rọ òyìnbó ń fẹ́. Henry Robbin lọ kọ́ṣẹ́ òwú ní Manchester, ó sì padà wá bá Samuel Crowther kékeré bójú tó ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ tí ó bá kọ́ bí a ti ń yọ kóró òwú níbẹ̀ mọ ẹni tí yóò rà á.

Èyí dára, ṣùgbọ́n wàhálà tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Oníbàárà kan, ọjà kan. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, gbé owó òwú sókè. Nígbà tí ogun parí, owó náà wálẹ̀. Ní 1867, Ìfọ́lé tú àwọn míṣọ́nárì ká ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ gba ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa mọ́ra, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé ta ni ìkejì, ta ni ìkẹta. Ohun tí ó wu ẹni kan ṣoṣo ni yóò ní kí a kọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ tí ó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ni yóò kù nílẹ̀.

Àwọn ará Jámánì fi òfin dí ihò yìí ní 1969. Ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan wọn, ìgbìmọ̀ kan wà lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́: mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ agbanisíṣẹ́, mẹ́fà jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́, mẹ́fà jẹ́ olùkọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, àwọn olùkọ́ a máa dá ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n wọn kì í dìbò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó dùn mí bí olùkọ́. Mo rò ó títí, mo sì gbà pé ó tọ́. Àwa olùkọ́ ni a mọ bí a ti ń kọ́ ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọ, ẹni tí yóò lo iṣẹ́ náà ni ó mọ̀ ọ́n jù.

Àwa náà kò jókòó lásán ní Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀ ní 1971. Ní 1973 ètò SIWES bẹ̀rẹ̀, tí ó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ọdọọdún rẹ̀ sí àpò náà. Gbogbo èyí rán ọmọ lọ sí ibi iṣẹ́. Kò mú oníṣẹ́ wá jókòó sí ibi tí a ti ń ṣètò ẹ̀kọ́. Mo dé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo bá ẹ̀rọ olówó ńlá nínú àpótí tí a fi gbé e wá. Iná fésì mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ń lò, kò sì sí irú iná bẹ́ẹ̀ ní ọgbà náà. Wẹ́dà tí ó wà ní oríta, tí kò jìnnà sí ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìbá ti sọ fún wọn kí wọ́n tó san owó, bí ẹnikẹ́ni bá bi í.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu-ọ̀nà wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń pè ní IVTEC wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn tiwa níhìn-ín. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kwárà ni ó kọ́ ọ ní ayé Gómìnà Abdulfatah Ahmed, tí ó ṣe ìjọba láti 2011 sí 2019. N kò wá dá a lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwa tí a ó fi ọmọ síbẹ̀ ní ẹnu nínú ohun tí a ń kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń gba Òmù-Àrán kọjá lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọmọ tí a bá fi kábúrétọ̀ nìkan kọ́ yóò ṣí bọ́ńẹ́tì, yóò sì tún pa á dé. Atọ́kọ̀ṣe ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń pọ̀ sí i. Rìwáyà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn oníbàárà ń béèrè iná oòrùn. Ìyá tí ó ni ẹ̀rọ ìlọgbàgúdá mọ irin tí ó máa ń kán nínú rẹ̀, ó sì mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró nítorí pé kò rí ẹni tún un ṣe.

Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn wọ̀nyí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé wọn yóò kàn máa sùn ní ìpàdé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Bí èdè ni ó ń dí wọn lọ́nà, a kúkú lè yí èdè ìpàdé padà. Kí ìgbìmọ̀ náà máa jókòó ní èdè Yorùbá, kí a máa fi Yorùbá kọ ìwé ìpàdé, kí a sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará Ìlọrin àti Àbújá tí ó bá fẹ́ kà á. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ wa ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́, àti fún àbùkù tí ìwé àwọn olùkọ́ kò tíì dárúkọ. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì lé wọn jáde, ìmọ̀ náà ni a lé jáde.

Mo sì bẹ̀ yín, kí a má ṣe sọ ìgbìmọ̀ yìí di oyè. A mọ bí a ti ń ṣe é: a ó mú ẹni tí ó lówó, a ó mú ìjòyè méjì, a ó mú pásítọ̀ kan àti lémọ́mù kan kí ó má di ìjà, wọn yóò ya àwòrán, ó parí. Ẹ yọ èmi náà kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi iṣẹ́ jẹun ni kí a mú, àti ẹni tí ń san owó fún oníṣẹ́. Kí wọ́n máa pàdé nígbà mẹ́rin lọ́dún, kí wọ́n wọ ilé ẹ̀rọ kí wọ́n tó wọ yàrá ìpàdé, kí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì sì máa fi ìwé dá wọn lóhùn lórí ohun tí wọ́n bá sọ, ìbáà ṣe pé ó gbà á tàbí kò gbà á.

Akọ̀wé ti kọ lẹ́tà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, yóò kà á sí yín létí kí a tó tú ká. Ìwé gígùn kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a ti kọ Àrándùn, Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti àwọn ìlú yòókù sí i. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ oníṣẹ́ kan àti agbanisíṣẹ́ kan sábẹ́ ìlú rẹ̀, kí ó sì fi irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe síwájú orúkọ wọn.