Ẹ Má Tètè Sọ Búùtù Yín Nù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Sabon Gari, Zaria)



Ọ̀rọ̀ bàtà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi búùtù ṣiṣẹ́: ẹni tí ń mọlé, ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹni tí ó dá oko sí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Yunifásítì ní Samaru náà ń ra búùtù tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè, wọ́n sì ń fi í gun àpáta Kufena. Nínú gwanjo, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní òkìríkà, ni a ti ń rí ọ̀pọ̀ wọn rà. Bí ẹnu rẹ̀ bá là díẹ̀ báyìí, a ó sọ ọ́ sí ààtàn, a ó sì tún máa wá owó òmíràn kiri. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ekíní, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi gbá ẹrẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí abẹ́ òjìji fún ọjọ́ méjì. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná, ẹ má sì sá a sí oòrùn ọ̀sán gangan: ooru a máa tú góòmù, a sì máa mú kí awọ súnkì.

Ekejì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láàrin awọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ búùtù òkè-òkun ní ohun kan tí ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a fi polyurethane ṣe. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàrin ọdún mélòó kan, àní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí ni bàtà náà wà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí búùtù tí ojú rẹ̀ ń dán fi lè ṣí ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lórí àpáta. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ń rún wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná, góòmù kankan kò lè mú un. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Ẹkẹta, bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ kàn ṣí ni, tí kò sì rún, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹ ha góòmù àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi pépà tí káfíńtà fi ń dán igi ha ojú méjèèjì títí yóò fi rí hákahàka. Ẹ fi góòmù àwọn aṣebàtà pa ojú méjèèjì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ìkánjú níbí ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí kò ní ṣeé sún mọ́; ẹ fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, kí ẹ fi rọ́bà inú táyà wé e pinpin di ọjọ́ kejì. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ má dá iná nítòsí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé jókòó tì yín, nítorí góòmù yìí ń gbiná, òórùn rẹ̀ kò sì dára fún ara.

Ẹkẹrin, bí òwú bá já, ẹ wá òwú ọ̀rá tí ó le, ẹ fi ìda oyin pa á. Ihò àtijọ́ ni kí ẹ fi ìlu là, ẹ má dá ihò tuntun sí awọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ méjì rán an, ọ̀kan láti inú, ọ̀kan láti òde, kí méjèèjì máa gba ihò kan náà kọjá. Bí ọ̀kan bá já lọ́la, èkejì yóò di bàtà mú. Bí ìṣó bá yọrí nínú, ẹ fà á yọ. Ojú ọgbẹ́ ìṣó ni tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan, lè gbà wọlé.

Ẹkarùn-ún, nígbà ọyẹ́, ẹ fi òrí díẹ̀ ra awọ náà kí ó má baà sán. Díẹ̀ ni a wí o. Bí ó bá pọ̀ jù, awọ yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí a pààrọ̀ gbogbo ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ti ju ti ilé lọ. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá badukku, ẹ kí i, ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ láìjanpata. Ó dùn wá pé àwọn kan nínú wa ń fojú tín-ín-rín wo àwọn tí ń ran bàtà lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣẹ́ wọn ti wà ní ilẹ̀ yìí kí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó so Èkó mọ́ Kano ní 1912, èyí tí ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń kó sálúbàtà ìlú náà lọ tà ní ọ̀nà jíjìn. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi èso bagaruwa ṣe ń la aginjù Sàhárà kọjá lọ sí òkè etí òkun. Àwọn òyìnbó tí ó rà á níbẹ̀ ń pè é ní awọ Mòrókò, wọn kò mọ̀ pé ilẹ̀ Hausa ni ó ti wá. Samaru wa níhìn-ín náà ni iléẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ awọ wà. Ẹni tí ó bá ń gbé láàrin irú àwọn ọlọ́wọ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa ra ìlu méjì, abẹ́rẹ́, òwú àti agolo góòmù kan sí ilé ẹgbẹ́ kí òjò tó dé, kí ẹnikẹ́ni lè wá lò ó. Kí a sì bẹ badukku kan kí ó wá fi iṣẹ́ náà han àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, kí a fún un ní owó tí ó tọ́ sí i. Owó bàtà tí a kò rà, owó ilé ìwé ọmọ ni.

 Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ wa ní àjò.