Kíndìnrín Ló Ń Ránṣẹ́ Pe Ẹ̀jẹ̀

Wọ́n ní kí n má pẹ́, nítorí ìrẹsì ti délẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò mi ní Mushin ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń rẹ̀ wọ́n ṣáá, ojú wọn ti funfun, bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, wọ́n á máa mí hẹlẹ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ìyàwó wọn ń ra ewé ùgwú l'Ójúwòyè, ó ń fún omi rẹ̀, ó ń pò ó mọ́ mílíìkì. Oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ kò gòkè. Àṣé kíndìnrín ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú ti bà á jẹ́.

Kí ló pa kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀? Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe hóró pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni hóró kan ń lò, nítorí náà iṣẹ́ kì í tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn ń retí àṣẹ. Kíndìnrín ló ń mọ̀ pé atẹ́gùn ti dínkù, òun ló sì ń tú èròjà kan tí à ń pè ní erythropoietin sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí i. Ùgwú dà bíi sìmẹ́ǹtì àti búlọ́ọ̀kù: bí ẹnikẹ́ni kò bá pe bíríkìlà, ilé kò ní dìde.

Èròjà yìí kéré púpọ̀ lára. Ní 1977, Eugene Goldwasser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ bíńtín jáde láti inú 2,550 lítà ìtọ̀ àwọn aláìsàn ará Japan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Iṣẹ́ yẹn ló ṣí ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1989, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ń gbà lónìí.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ agbára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki jù, ó lè dì, kó fa rọpárọsẹ̀. Dókítà ló gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n.

Àwa tí a ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ wa kò tó, kí a ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti creatinine wò pẹ̀lú. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oògùn ara ríro sùn lójoojúmọ́, ó lè pa kíndìnrín lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí mi lẹ́yìn oúnjẹ.