Gbèsè Àlejò: Ìrìn-àjò Afẹ́ ní Ìlú Apia

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrìn-àjò afẹ́ ni a ó yẹ̀ wò lónìí, ìlú tí a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ ni Apia, olú-ìlú Samoa, ní erékùṣù Upolu láàárín agbami òkun Pàsífíìkì. Ìbéèrè wa ni èyí: lẹ́yìn owó tí àlejò ná, kí ni ó tún jẹ onílé ní gbèsè?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ojú ń rí. Ẹni tí ó wọ̀ sí Apia lè jáde láàárọ̀ kí ó sì padà lálẹ́ lẹ́yìn tí ó ti rí ohun púpọ̀. Nítòsí ìlú ni Vailima wà, ilé tí Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ará Scotland, kọ́, tí ó sì kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ọdún 1894. Tusitala, èyí ni apìtàn, ni àwọn ará Samoa ń pè é. Àwọn ni wọ́n la ọ̀nà gba inú igbó, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ gun Òkè Vaea, níbi tí wọ́n sin ín sí. Ní Piula, lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, omi tútù mímọ́ gaara ń sun jáde láti inú ihò àpáta lẹ́bàá òkun. Ní Lotofaga ní ìhà gúúsù, kòtò ńlá kan wà tí a ń pè ní To Sua; àkàsọ̀ ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi òkun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀, wọn a máa gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Àwọn kan a sì máa kùn pé ohun tí Ọlọ́run dá kò yẹ ní títà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bíi ìdá 80 nínú 100 ilẹ̀ Samoa ni ó jẹ́ ilẹ̀ àjogúnbá, tí a kì í tà. Àwọn matai, olórí ẹbí, ni ó ń bójú tó o. Ilé onílé ni àlejò wọ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí agogo àdúrà bá dún ní abúlé, kí ẹni tí ń kọjá lọ dúró jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi parí.

Ẹlòmíràn lè wí pé owó tí àlejò ń ná ti tó. Lóòótọ́, owó náà ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni àlejò ń gbé wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, ọdún 1918, ọkọ̀ òkun Talune gúnlẹ̀ sí Apia láti New Zealand, ìjọba tí ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn tí àrùn ọ̀fìnkìn apànìyàn ń ṣe wà nínú rẹ̀, a kò sì dá wọn dúró. Nǹkan bí 8,500 ènìyàn ni ó kú, èyí tí ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Ní American Samoa tí ó wà nítòsí, níbi tí wọ́n ti dí ọ̀nà mọ́ àrùn náà, ẹnikẹ́ni kò bá a lọ. Ní ọdún 2002, Helen Clark, olórí ìjọba New Zealand, tọrọ àforíjì. Nítorí náà, nígbà tí Samoa ti ibodè rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí kò sì ṣí i fún gbogbo àlejò títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹni tí ó mọ ìtàn kò ní pè é ní àṣejù.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kó akẹ́kọ̀ọ́ rìnrìn-àjò, ẹ kọ́ wọn ní ìtàn ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹ kọ́ wọn láti tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì ro ohun tí àwọn fúnra wọn lè gbé lọ bá onílé. Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, a di ìkúùkù. Ọ̀wọ̀ ni gbèsè àlejò, owó kò sì lè san án.