Ohun tí Ó Gba Ọpọlọ Sílẹ̀

Àwọn baba wa gbà pé Àjàlá alámọ̀ ni ó ń mọ orí kí ènìyàn tó délé ayé. Ọ̀rọ̀ tèmi kò jìnnà sí ìsọ̀ Àjàlá, nítorí pé orí náà ni mo fẹ́ sọ, bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọlẹ̀ kò tíì ju ìdì sẹ́ẹ̀lì rógódó kan lọ.

Ní ìlú Freiburg, ní ilẹ̀ Jámánì, Hans Spemann àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀, Hilde Mangold, ń ṣiṣẹ́ lórí ẹyin ẹranko kékeré kan tí ó jọ alángbá ṣùgbọ́n tí ó bá ọ̀pọ̀lọ́ tan. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì tín-ín-rín àti irun orí ọmọ ọwọ́ wà lára irinṣẹ́ wọn. Mangold gé ètè bíńtín kan níbi tí ara ọlẹ̀ ti ń ká wọnú, lára irú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì lọ́ ọ mọ́ ikùn ọlẹ̀ irú mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ọlẹ̀ kejì hù níbẹ̀, tòun ti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì wo àwọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú mùdùnmúdùn tuntun yìí kì í ṣe ti àlejò, ti onílé ni, sẹ́ẹ̀lì tí ìbá di awọ ikùn lásán. Ní 1924 tí ìwé ìwádìí náà jáde ni sítóòfù gbiná mọ́ Mangold lára, tí ó sì kú ní ọmọ ọdún 25. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yé dùn mí. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 1935. Spemann nìkan ni ó gbà á.

Kí ni ètè náà sọ fún awọ ikùn? Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ fi ń wá àṣẹ kan tí ń wí pé, “Di ọpọlọ!” Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: sẹ́ẹ̀lì ìta ara ọlẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá dá sí i, ọ̀nà ọpọlọ ni yóò gbà, jíìnì tí à ń pè ní BMP4 ni ó ń ránṣẹ́ sí i pé kí ó di awọ. Jíìnì noggin, tí wọ́n rí ní 1992, àti chordin, tí wọ́n rí ní 1994, ní California, lára ọ̀pọ̀lọ́ elékànná ti gúúsù Áfíríkà, ni ètè náà fi ń pèsè èròjà tí ń gbá ìránṣẹ́ BMP4 mú lójú ọ̀nà, kí iṣẹ́ tí a rán an má baà dé etí ẹni tí a rán an sí. (Èdè wa tí ó fi ohùn nìkan ya ọ̀pọ̀lọ́ odò kúrò lára ọpọlọ orí ṣe bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan ni yóò tú àṣírí èkejì.) Ọpọlọ kò gba àṣẹ, ìdènà ni a mú kúrò lọ́nà rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ibi pẹlẹbẹ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọ̀nyí wà á ká bí ẹní, etí rẹ̀ méjèèjì á pàdé, á sì di ọ̀pá oníhò, tí èròjà jíìnì Sonic hedgehog, láti inú okùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò máa yan iṣẹ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sún mọ́ ọn tó. Lára ènìyàn, nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró ni ọ̀pá yìí ń pa ẹnu dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń rọ obìnrin tí ń retí ọmọ pé kí ó máa lo folic acid, tí ń ran ọ̀pá náà lọ́wọ́ láti pa ẹnu dé, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, kí oyún tó dé rárá. Nítorí pé nígbà tí ọlẹ̀ bá fi máa sọ, tí ìyá sì fọwọ́ lé ikùn pẹ̀lú ayọ̀, ọ̀pá náà ti pa ẹnu dé láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí kò pa á dé.