Abọ́ Kan Kò Tó Fọ Ọwọ́ Gbogbo Ọmọ

Lọ́dún 1991, onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Ọwọ́ tó dọ̀tí a máa gbé e wọ ẹnu.

Nínú abà wa, ọmọ mẹ́rin a máa ṣan ọwọ́ nínú abọ́ omi kan ṣoṣo. Ìdọ̀tí ẹnì kan á di ti gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ife da omi sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ àárín ìka àti abẹ́ èékánná, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti ṣáájú oúnjẹ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ: ẹ gbé ọṣẹ sí ibi tí ọwọ́ wọn tó. Kí àwa àgbà sì kọ́kọ́ fọ tiwa. Ohun tí ọmọ bá rí ni yóò ṣe.