'Kúrọ́ọ̀sì kì í já láìkọ́kọ́ pariwo': Ohun tó yẹ kí awakọ̀ tírélà mọ̀ nípa pùròpẹ́là ọkọ̀ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì àgbà kan bá àwọn awakọ̀ àti mọtobọ́ì sọ ní ibùdókọ̀ tírélà kan nílùú Kaduna nìyí.

 Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí ẹ ti gbé ẹrù ní Apapa, nítorí náà n kò ní pẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá àti Hausa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: kúrọ́ọ̀sì pùròpẹ́là kì í já láìkọ́kọ́ pariwo. Àwa ni a kì í dá a lóhùn.

Awakọ̀ kan wà tó ti ń gbọ́ 'kọ́!' lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìlọrin, nígbàkígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ó ní tí òun bá dé Kaduna, òun á tún un ṣe. Ọkọ̀ náà kò dé Kaduna. Wọ́n kọjá Jebba, wọ́n ń gun òkè, ni kúrọ́ọ̀sì bá já. Pùròpẹ́là ń nà bíi pàṣán lábẹ́ ọkọ̀, ó gé họ́ọ̀sì atẹ́gùn bíréèkì. Bí atẹ́gùn ṣe tán, bíréèkì di táyà ẹ̀yìn mú, ọkọ̀ sì dúró láàárín ọ̀nà.

Kí wọ́n lè wọ́ ọ kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n fi sípánà tú bíréèkì náà. Wọ́n rò pé gíà ṣì di ọkọ̀ mú. Gíà wo? Pùròpẹ́là ti jábọ́, kò sí ohun tó so gíà mọ́ táyà mọ́. Ọkọ̀ yí padà sẹ́yìn, mọtobọ́ì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n pè láti wá tún ọkọ̀ náà ṣe. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò bá a délé.

Kí ni iṣẹ́ kúrọ́ọ̀sì?

Pùròpẹ́là ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí díífù ẹ̀yìn tó ń yí táyà. Gíábọ́ọ̀sì dúró sójú kan, ṣùgbọ́n díífù ń lọ sókè sódò lórí súpíríǹgì bí táyà ṣe ń wọ kòtò. Tí irin náà kò bá ní oríkèé, yóò ṣẹ́. Kúrọ́ọ̀sì ni oríkèé rẹ̀. Ó ní apá mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan dé fìlà irin kan, bẹ́árìn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ sì kún inú fìlà náà. Gírísì ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yí. Tí gírísì bá gbẹ, tí omi àti eruku wọlé, ìpata yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n.

Bí ẹ ṣe lè dá àìsàn rẹ̀ mọ̀

Àkọ́kọ́, 'kọ́' kan ṣoṣo nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, tàbí tí ẹ bá kúrò ní gíà iwájú bọ́ sí ti ẹ̀yìn.

Ìkejì, ohùn tó ń ké bí ìrẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Bẹ́árìn ti gbẹ nìyẹn.

Ìkẹta, kí ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀ máa gbọ̀n, kí ó sì máa le sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí ẹ tẹ iná, tó ṣì ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ́ńjìnnì wò.

Ìkẹrin, ìyẹ̀fun pupa bí erùpẹ̀ létí fìlà kúrọ́ọ̀sì. Ìpata nìyẹn. Ẹ má ṣe nù ún kúrò kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi igi ńlá há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Òkúta kékeré kì í ṣe ohun ìhátáyà. Kí gíà wà ní fírì.

Ẹ di pùròpẹ́là mú lọ́wọ́ kan, kí ẹ di oríkèé tó dojú kọ ọ́ mú lọ́wọ́ kejì. Ẹ yí wọn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì tì í sókè sódò. Tí kúrọ́ọ̀sì bá mì nínú fìlà rẹ̀, ó ti tán nìyẹn, gírísì kò lè wò ó sàn mọ́. Ẹ wo rọ́bà bẹ́árìn àárín bóyá ó ti ya, kí ẹ sì wo bóyá bọ́ọ̀tì kan ti dẹ̀.

Tí kò bá mì, tó sì ní ojú gírísì, ẹ fún un ní gírísì títí tuntun yóò fi yọ létí fìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá yọ ní mẹ́ta péré, ìkẹrin ló máa já yín. Ẹ mi pùròpẹ́là, kí ẹ tún fún un. Tí kò bá yọ síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀

Kí ẹ tó tú u, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ojú méjèèjì kí ó lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Oríkèé iwájú àti ti ẹ̀yìn pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan. Tí wọn kò bá bára mu, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, kúrọ́ọ̀sì tuntun náà kò sì ní pẹ́. Irin yìí wúwo, ẹ fi nǹkan gbé e dúró kí ẹ tó tú bọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.

Ẹ fi fáìsì tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀ ti fìlà jáde. Ẹ̀yin tó ń fi hámà ńlá lu etí irin, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí ẹ bá ń ti tuntun wọlé, ẹ ṣọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Tí ẹyọ kan bá ṣubú sínú, fìlà kò ní wọlé dópin. Ẹ má fi fìlà àtijọ́ sórí kúrọ́ọ̀sì tuntun. Tí ihò fìlà bá ti gbòòrò, ẹ pààrọ̀ irin náà. Ẹ má gbé e fún wẹ́dà kó jó o pọ̀. Lẹ́yìn ìrìnàjò àkọ́kọ́, ẹ tún yẹ bọ́ọ̀tì wò.

Ẹ̀yin tó ni ọkọ̀, tí awakọ̀ bá pè yín pé abẹ́ ọkọ̀ ń dún, ẹ má sọ pé kó kọ́kọ́ já ẹrù ná. Owó kúrọ́ọ̀sì kò tó owó ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wo ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn. Ìyá rẹ̀ ló fà á lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó gbéra lówùúrọ̀ ọ̀la, ẹ há táyà, kí ẹ sì bá a wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ọlọ́run á mú gbogbo wa délé o.