OHÙN ÀWỌN ỌKÙNRIN NÍNÚ KÍKỌ SÁÀMÙ

 

Ní ọdún 1884 ni gbogbo Bíbélì di kíkà ní èdè wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti di tiwa, orin kò tíì di tiwa. Ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ Sáàmù: nóòtù mẹ́wàá, tàbí ogún bí ó bá jẹ́ alápá méjì, èyí tí a ń kó gbogbo ẹsẹ sí lábẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Tiwa kò gbà á, nítorí ohùn ni í fún ọ̀rọ̀ wa ní ìtumọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ kò gòkè, "ìgbà" a di "igbá", "ọ̀wọ̀" a di "ọwọ́". Àwa fúnra wa ti rí ìyá àgbà kan tí ó fi gèlè bo ẹnu rẹ́rìn-ín, nígbà tí akọrin ń fi igbá yin Olúwa.

Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips, ẹni tí ó lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911, tí ó sì jẹ́ olórí orin ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tẹnu mọ́ ọn pé kí orin ìsìn máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé *Yoruba Music*, tí ó jáde ní 1953.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ a máa kọrin ní ohùn kan. Ṣùgbọ́n àwa Èkìtì, àti àwọn Ìjẹ̀ṣà aládùúgbò wa, ti ń kọ ohùn méjì papọ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ duru. Ẹnì kan a mú orin, èkejì a wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí dò ti wà nísàlẹ̀ mì. Bí ti òkè bá gùn, ti ìsàlẹ̀ a gùn. Bí ó bá sọ̀, òun náà a sọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í fọ́. Báyìí ni àwọn bàbá wa ń kọ ọ́ lóko ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, tí àwa tí a kọ́ tonic sol-fa sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì wá nísinsìnyí.

Ohùn àwọn ọkùnrin kò jìnnà sí ara wọn. Bí a bá fa orin alápá mẹ́rin, tí a kọ fún obìnrin àti ọmọdé pẹ̀lú, wálẹ̀ fún ọkùnrin nìkan, ìsàlẹ̀ a dàrú bí odò tí àgbàrá wọ̀. Apá méjì tó, tàbí mẹ́ta: kí tẹ́nọ̀ mú ọ̀rọ̀, kí èkejì tẹ̀lé e, kí básì di ohùn kan mú ṣinṣin, kí ó má máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń gòkè. Nínú ègbè ni kí ó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ wọlé.

Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni pé àwọn tí ó mọ ohùn méjì yìí dáadáa ti darúgbó, púpọ̀ nínú orin tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sì ti di oúnjẹ ikán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ ní fóònù tí ń gba ohùn sílẹ̀ nínú àpò, ẹ lọ jókòó tì wọ́n kí ọdún yìí tó parí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọkùnrin wa yóò kọ Sáàmù 136. Ẹsẹ 26 ni ó ní, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì parí gbogbo wọn. Nítorí náà a fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ ṣe lílé, a sì fi ìparí ṣe ègbè. Tẹ́nọ̀ kan ni yóò lé e, láìsí duru. Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ jẹ́ àlejò wa, ẹ má ṣe dúró de ìwé: kí a tó dé ẹsẹ kẹta, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n.